Ọkọ̀ rọ́bà lórí odò Ash ní Clarens àti dáàmù Katse: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí omi náà ti ń bọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ wà ní Joburg àti Pretoria, tẹ́ ẹ máa ń béèrè pé níbo lèèyàn lè kó ìdílé ẹ̀ lọ nígbà ọlidé láìwọ bàálù, ibi méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àkọ́kọ́ ni eré ọkọ̀ rọ́bà lórí odò Ash ní Clarens, nínú Free State. Èkejì ni dáàmù Katse lórí òkè Lesotho, níbi tí wọ́n ti máa ń mú àlejò wọnú ògiri dáàmù lọ. Mi ò lè ya ọ̀rọ̀ wọn sọ́tọ̀ torí omi kan náà ló wà níbi méjèèjì, omi tí wọ́n gbé lọ́hùn-ún ni wọ́n fi ń ṣeré níbí, òun náà sì lèmi àtẹ̀yin fi ń wẹ̀ láàárọ̀.

Ká mú Clarens kọ́kọ́. Tí ọ̀nà bá dáa, bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ ni láti Joburg, ẹ máa gba Bethlehem kọjá. Ìlú kékeré tó mọ́ tónítóní ni, òkè olókùúta aláwọ̀ wúrà yí i ká, ilé oúnjẹ sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà gbé èèyàn lórí odò ju ẹyọ kan lọ, mi ò ní dárúkọ àwọn tí mo bá lọ torí ohun tí mo ní í sọ kan gbogbo wọn.

Iṣẹ́ wọn dáa gan-an. Wọ́n fún wa ní akoto, laifújákẹ́ẹ̀tì àti aṣọ rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ra, kò séyìí tó ya, kò séyìí tó ń rùn. Gáìdì wa fara balẹ̀ kọ́ wa lórí ilẹ̀ kó tó jẹ́ ká fẹsẹ̀ kan omi: bẹ́ ẹ ṣe máa di àjẹ̀ mú, bẹ́ ẹ ṣe máa wà á pọ̀ nígbà tó bá pariwo, àti pé tẹ́ ẹ bá jábọ́ sínú omi, kẹ́ ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ na ẹsẹ̀ síbi tí omi ń lọ, ẹ má gbìyànjú láti dìde dúró rárá torí ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta. Ó tún un sọ títí tí obìnrin kan tí ẹ̀rù ń bà láàárín wa fi rẹ́rìn-ín. Apá ibì kan wà tí odò ń rọra lọ tẹ́ ẹ lè máa wo ẹyẹ, apá ibì kan sì wà tí omi á ta ọkọ̀ yín sókè tẹ́ ẹ ò ní mọ̀gbà tẹ́ ẹ máa ké. Omi yẹn tutù o! Ó tutù dé inú egungun, kódà nínú oòrùn December. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ kékeré wá, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó gbéra, apá tó ń rọra lọ yẹn ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gbà á sí.

Tó bá jẹ́ ti eré nìkan, 9 nínú 10 ni mo fún wọn.

Ohun tí wọ́n fi ń polówó ara wọn ni pé odò náà kì í gbẹ. Òótọ́ ni. Ní August, tí ọ̀pọ̀ odò Free State ti gbẹ ku òkúta, Ash á kún, á máa hó. Ẹni tó bá ronú díẹ̀ á bi ara ẹ̀ pé òjò wo ló rọ̀. Mo bi gáìdì wa, ó ní "láti dáàmù ni", ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sórí fọ́tò tí wọ́n yà wá tí wọ́n fẹ́ ká rà. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ máàkì, torí ìdáhùn yẹn ò tó rárá, ìtàn tó tóbi jù lọ lágbègbè yẹn ló wà lábẹ́ ọkọ̀ tá a jókòó sí.

Tẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, odò kékeré ni Ash. Ní 24 October 1986 ni ìjọba Lesotho àti ìjọba apartheid South Africa tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé wọ́n á máa gbé omi láti òkè Lesotho wá sí agbègbè Joburg. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ní January ọdún kan náà ni South Africa ti bọ́dà mọ́ Lesotho, tí àwọn sójà sì gbàjọba ní Maseru, olú ìlú Lesotho, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ làdéhùn dé. Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn tó wá ní òun gbà, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú "mo gbà" bẹ́ẹ̀.

Odò Malibamat'so ni wọ́n dí ní Katse. Inú Senqu ló ń lọ látayébáyé, Senqu yẹn náà ni wọ́n ń pè ní Orange tó bá ti wọ South Africa, á wá rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn títí dé òkun Atlantic lẹ́bàá Namibia. Ní báyìí omi Malibamat'so ń wọ tọ́nẹ́ẹ̀lì kìlómítà 45 nínú òkè lọ sí 'Muela, níbi tó ti ń yí jẹnẹrétọ̀ mẹ́gáwáàtì 72 tí Lesotho fi ń tan iná, tọ́nẹ́ẹ̀lì mìíràn tó jẹ́ kìlómítà 37 á wá gbé e kọjá lábẹ́ bọ́dà, á sì tú u jáde sínú Ash. Kò sí pọ́ǹpù kankan lójú ọ̀nà yẹn, òkè ga débi pé omi fúnra ẹ̀ ló ń sáré wá. Láti Ash ó wọ Liebenbergsvlei, ó wọ Wilge, ó wọ Vaal Dam, Rand Water, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè omi fún agbègbè Joburg, á wá fà á gòkè wá bá wa. January 1998 ni wọ́n ṣí i. Nígbà tí dáàmù kejì, ìyẹn Mohale, ti dara pọ̀ mọ́ ọn, kúbìkì mítà mílíọ̀nù 780 ni wọ́n ń gbé lọ́dún. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé ní lítà 24,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan! Ìwé àdéhùn wá ní kí wọ́n fi lítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀ fún odò tó wà nísàlẹ̀ Katse, 300 fún èyí tó wà nísàlẹ̀ Mohale. 500, 300. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ odò ṣèwádìí, tí wọ́n sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹja, sí ewéko etí odò àti sáwọn tó ń jẹun nídìí odò yẹn, ni wọ́n tó fi kún un.

Odò tí wọ́n ń da omi kún náà ò sì bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Tẹ́ ẹ bá wà nínú ọkọ̀ rọ́bà yẹn, ẹ gbójú sókè wo etí Ash. Ẹ máa rí ibi tí ilẹ̀ ti ya lulẹ̀, tí gbòǹgbò igi wà níta gbangba tó ń fì. Odò tí Ọlọ́run dá fún omi díẹ̀, tẹ́ ẹ wá da omi odò ńlá sínú ẹ̀ lójoojúmọ́ láìsinmi, ó ní láti wá àyè fún un, ilẹ̀ oko àwọn èèyàn ló sì máa jẹ láti fi ṣàyè. Wọ́n ti ní láti kọ́ ògiri kọnkéré àti ìdènà sí ọ̀pọ̀ ibi kí omi lè dín eré kù. Ẹrẹ̀ tó ń wọ́ lọ yẹn á sì lọ jókòó síbì kan nísàlẹ̀. Èrè díẹ̀ wà níbẹ̀ náà, mi ò ní purọ́, àwọn ẹ̀rọ iná kéékèèké wà lójú odò yẹn lágbègbè Bethlehem, bíi Sol Plaatje àti Merino, omi Lesotho ló ń yí àwọn náà.

Ó yá, ká lọ sí Katse. Láti Clarens ẹ máa gba bọ́dà Caledonspoort, Butha-Buthe, Leribe, Pitseng, ẹ máa wá gun òkè Mafika Lisiu tó lé ní 3,000 mítà. Kí mọ́tò yín ní búrèkì tó dáa, ẹ jọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ tutù níbẹ̀, àwọn darandaran á máa kọjá nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àgùntàn wọn, ojú ọ̀nà ń yí ṣáá, àfi lójijì tẹ́ ẹ máa rí omi aláwọ̀ búlúù tó gba gbogbo àfonífojì kan. Dáàmù yẹn ga ní mítà 185, orí ẹ̀ gùn ní mítà 710, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún tẹ̀ láti òkè délẹ̀ bí ikùn ìkòkò amọ̀. Mo ti rí fọ́tò ẹ̀ rí, fọ́tò ò sọ nǹkan kan.

Owó tí wọ́n ń gbà fún àlejò láti wọlé ò pọ̀ rárá. Obìnrin kan ló mú wa yíká, gbogbo èèyàn ń pè é ní 'M'e, ìyẹn ìyá, àwa náà pè é bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin yìí! Ó kọ́kọ́ fi àwòrán tọ́nẹ́ẹ̀lì hàn wá látòkè délẹ̀, ibi tó ga, ibi tó rẹlẹ̀, kí ló dé tí omi fi ń sáré fúnra ẹ̀, lẹ́yìn náà ó kó wa wọ inú ògiri. Inú ibẹ̀ tutù, ó ṣókùnkùn díẹ̀, omi ń kán tó tó tó, ó sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí ògiri ṣe ń sún hàn wá, torí ògiri yẹn ń sún díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń kún tó ń fà. Kò sí ìbéèrè tá a bi í tó fi ọwọ́ rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ohun tó jẹ́ kí n fún un ní gbogbo máàkì ni pé orí dáàmù gangan ló dúró sí tó fi sọ ohun tí dáàmù bà jẹ́. Mo béèrè nípa ìmìtìtì ilẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti October 1995 ni wọ́n ti jẹ́ kí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, omi wúwo o, ìwúwo ẹ̀ tẹ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ débi pé ilẹ̀ ń mì, ilẹ̀ sì là gbọọrọ gba abúlé Mapeleng kọjá, ilé àwọn èèyàn sán, àwọn kan ní láti kó kúrò. Ó tún ní ká má gbàgbé pé òkè òkúta ni Lesotho, ìsàlẹ̀ àfonífojì ni ilẹ̀ tó ṣeé dáko sí wà, ìsàlẹ̀ àfonífojì náà ni omi gbà.

A bá ìyá àgbàlagbà kan pàdé tó ń ta fìlà koríko létí ọ̀nà, ọmọ ẹ̀ ló ń túmọ̀ fún wa. Wọ́n ń fún àwọn tó pàdánù oko ní àgbàdo àti ẹ̀wà lọ́dọọdún, ètò ọdún 50 ni. Ìyá ní àgbàdo ń wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tí wọ́n máa ń já létí odò, igi ìdáná, koríko tí wọ́n fi ń bolé, ewé tí wọ́n fi ń ṣe egbòogi, ta ló máa wọn ìyẹn sínú àpò? Ó sì nawọ́ sí adágún yẹn, ó ní omi tó tó báyìí wà níwájú àwọn, kànga ìsun làwọn ṣì ń pọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Torí omi ìsun yẹn lòun àtọmọ ẹ̀ ń gbé kérégbè lọ bá, èmi sì ń ṣí ẹ̀rọ nílé ní Joburg, omi iwájú ilé wọn á dà.

Nínú omi náà, wàhálà tún wà. Ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Maloti minnow, òkè Lesotho nìkan ló wà láyé yìí. Àwọn tó wà lápá òkè odò Senqunyane, níbi tí wọ́n kọ́ dáàmù Mohale sí, ń gbé ní àlàáfíà torí omi kan tó ń já bọ́ láti ibi gíga ò jẹ́ kí ẹja ńlá láti ìsàlẹ̀ gun òkè wá pa wọ́n jẹ. Wọ́n wá gbẹ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì láti Mohale dé Katse. Ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Ẹja yellowfish tó wà ní Katse ti dé Mohale, ẹja kékeré yẹn sì ń ká mọ́ ibi tóóró. Kì í ṣe omi nìkan ni tọ́nẹ́ẹ̀lì ń gbé, gbogbo ohun tó bá wà nínú omi ló ń bá a lọ.

Kò sì yẹ kó jẹ́ tuntun sí South Africa, torí wọ́n ti rí irú ẹ̀. Ní 1975 wọ́n ṣí tọ́nẹ́ẹ̀lì tó lé ní kìlómítà 80 láti dáàmù Gariep lórí Orange lọ sí odò Great Fish ní Eastern Cape. Great Fish tẹ́lẹ̀ máa ń gbẹ, ó máa ń kún, bó ṣe wà nìyẹn, àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú ẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára. Bí omi ṣe wá ń ṣàn lọ́dún yípo, eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń bu ẹran ọ̀sìn jẹ létí odò rí ibi pamọ sí, ó pọ̀ débi pé ó di ìyọnu fún àwọn àgbẹ̀. Ẹja inú Orange náà gba tọ́nẹ́ẹ̀lì kọjá sí odò tí wọn ò tíì sí rí. Kí odò gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń rò pé àìsàn ni, ṣùgbọ́n àwọn odò kan wà tó jẹ́ pé gbígbẹ yẹn gan-an ló ń pa ìyọnu run fún wọn.

Ẹ jẹ́ n gbé e wá sílé báyìí. Joburg ò sí létí odò ńlá kankan, góòlù ló kó èèyàn jọ síbẹ̀ ní 1886, orí òkè tó pín omi sọ́tùn-ún sósì ló sì jókòó lé. Rand Water ní láti fi pọ́ǹpù fa omi gòkè tó lé ní mítà 300 láti Vaal kó tó kàn wá. Tó o bá ń gbé apá gúúsù ìlú, omi tó o lò máa padà sínú Vaal. Tó o bá ń gbé apá àríwá, bíi Randburg tàbí Sandton, omi ìdọ̀tí ẹ máa lọ sínú odò Jukskei, inú odò Crocodile, inú dáàmù Hartbeespoort, inú Limpopo, títí dé òkun Indian ní Mozambique. Omi tó yẹ kó lọ sí Atlantic! Ẹ ti lọ sí Hartbeespoort rí àbí? Ẹ rí ewéko tó ń léfòó tó bo omi yẹn, àwa tá a ti gbé létí ọ̀sà l'Ékòó mọ ewéko yẹn dáadáa, ó máa ń dí ọkọ̀ ojú omi lọ́nà. Omi ìdọ̀tí ìlú ni ajílẹ̀ tó ń mú un sanra. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá ní Lesotho ń fún Joburg lómi, kí wọ́n rántí pé Joburg náà ń fún Limpopo ní nǹkan.

Wọ́n tún ń kọ́ dáàmù mìíràn báyìí, Polihali, ní agbègbè Mokhotlong, pẹ̀lú tọ́nẹ́ẹ̀lì kìlómítà 38 tó máa gbé omi ẹ̀ wá sí Katse. Kúbìkì mítà mílíọ̀nù 780 lọ́dún yẹn máa di 1,270. Mo mọ̀ pé Gauteng, ìpínlẹ̀ tí Joburg wà, ń gbilẹ̀, mo mọ̀ pé owó tí South Africa ń san lórí omi yìí jẹ́ nǹkan ńlá nínú àpò ìjọba Lesotho, mi ò sọ pé kí wọ́n má gba owó. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí ìjọba South Africa fúnra ẹ̀ gbé jáde ní 2023 ní nǹkan bíi 47 nínú 100 omi táwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń pín kì í mówó wọlé, èyí tó ń jò sílẹ̀ lójú páìpù pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ rìn yí àdúgbò yín ká lálẹ́ kẹ́ ẹ wo iye ibi tí omi ti ń ru jáde lábẹ́ títì. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Páìpù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, kí wọ́n tó tún sọ fún abúlé mìíràn pé kó dìde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Ní February 2018 níbi ìpàdé tó wáyé l'Abuja, wọ́n fọwọ́ sí èrò pé kí wọ́n fa omi láti agbègbè odò Congo wá sí adágún Chad. Chad ń jìyà lóòótọ́, àwọn apẹja àtàwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ nílò ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn jáde, ẹ bá mi wo ojú ibi tí wọ́n kọ iye lítà tí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún odò tí wọ́n fẹ́ bù lára ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìrìnàjò. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ò kàn ń wọ Lesotho bẹ́ẹ̀, ẹ yanjú físà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ìwé tẹ́ ẹ fi máa padà wọ South Africa ṣì lágbára. Láti May títí dé September, ẹ mú aṣọ òtútù tó nípọn, yìnyín máa ń bọ́ lórí òkè yẹn. Ẹ rọ epo kún táǹkì ní Leribe. Kẹ́ ẹ tó sanwó ọkọ̀ rọ́bà ní Clarens, ẹ béèrè bóyá tọ́nẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́, torí ní October 2024 wọ́n tì í pa fún àtúnṣe olóṣù púpọ̀, tí wọ́n bá sì ti tì í pa, Ash á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò ní sí omi tó máa gbé ọkọ̀.

Ẹ̀yin onílé iṣẹ́ ọkọ̀ rọ́bà, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ gbé pátákó kan sí ibi tá a ti ń wọ omi, ẹ kọ Malibamat'so sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí gáìdì yín sọ ìtàn ẹ̀, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, yóò sì jẹ́ kí eré yín dùn sí i fún ẹni tó bá ní làákàyè.

Máàkì mi: odò Ash 7 nínú 10, Katse 10. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni owó yín ká, Katse ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì ra fìlà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó wà létí ọ̀nà.